Ọgbà tí Màmá Bá Mi Ro

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Mayfair, ní Johannesburg, kú pátápátá. Róòsì ni, àti koríko tútù kan tí wọ́n ká bí ẹní nígbà tí mo rà á. Mo ń bomi rin wọ́n láràárọ̀ kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rán aṣọ iléèwé, àmọ́ nígbà tí omi ẹ̀rọ kọ̀ tí kò yọ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí èmi alára ń fi ààbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀, mo wo róòsì lójú, mo ní kóun náà ṣe sùúrù. Kò ṣe sùúrù. Ó gbẹ, koríko náà sì pọ́n bí ohun tí wọ́n dáná sun. Inú bí mi. Inú máa ń tètè bí mi. Ìyá tó bí mi ní Iléṣà sọ pé ata ni agbẹ̀bí fi wẹ̀ mí. Mo fa róòsì tu, mo jù ú sínú ike ìdọ̀tí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo gbé yunifọ́ọ̀mù lọ sí iléèwé kan ní Soweto. Níbi tí mo ti ń dúró de táksì tí yóò gbé mi padà, mo rí ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi kan tó to igi wẹ́wẹ́ sínú agolo ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé rẹ̀, ó ń tà wọ́n. Mo bi í léèrè òdòdó tó rẹwà tí kò sì ní kú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára bí ẹni pé Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́: "Mama, ẹ má bi mí nípa ẹwà. Ta lẹ fẹ́ kó wá jẹun nílé yín?"

Mo ní kò yé mi. Ó ní igi tí wọ́n bá gbé wá láti òkè òkun, bó ti wù kó rẹwà tó, ọ̀pọ̀ ẹyẹ ibí ò mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe. Ṣùgbọ́n igi tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, kòkòrò kan wà tó ń jẹ ewé rẹ̀, ẹyẹ kan wà tó ń mu oje òdòdó rẹ̀, ẹnì kan sì wà tó ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ tún mọ bí wọ́n ti ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀, kò dúró de omi ẹ̀rọ. Nítorí náà kí n kọ́kọ́ mú àlejò tí mo fẹ́, nígbà náà ni òun yóò sọ igi tí n ó rà. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ oúnjẹ àlejò fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà ti rí i mú. Mo jẹ́ kí táksì kọjá.

Mo ní mo fẹ́ ẹyẹ kékeré kan tí mo ti rí lórí wáyà iná níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ara rẹ̀ ń dán, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí ènìyàn jókòó lé. Ó rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ ọ́n. Ó gbé irú etí erin kan fún mi, ó ní nínú òtútù ni ìyẹn ń yọ òdòdó, nígbà tí ebi ń pa ẹyẹ, tí kò sí òdòdó mìíràn níta. Ó tún gbé igi kan tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, tó to ara wọn ní ìpele ìpele mọ́ ọ̀pá. Orúkọ tó pè é ló dẹ́rù bà mí: dágà inú ìgbẹ́. Dágà sì ni ohun tí wọ́n ń pe igbó mímu ní ìlú yìí. Mo ní, "Ọ̀gá, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá èyí lẹ́yìnkùlé mi?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kì í ṣe ìyẹn, orúkọ lásán ni. Mo rà á, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àpò yunifọ́ọ̀mù ni mo gbé e sí nínú táksì, mo sì fi ẹsẹ̀ ti àpò náà mọ́lẹ̀ títí a fi délé.

Mo ra igi ẹlẹ́gùn-ún kan, nítorí pé ológbò kì í fẹ́ gun ibi tí ẹ̀gún wà, ẹyẹ sì lè kọ́lé síbẹ̀ kó fọkàn balẹ̀. Mo ra agolo mẹ́fà koríko pupa tó ga dé orúnkún, èyí tó jẹ́ pé nílé wa, ewúrẹ́ nìkan ni wọn ìbá rà á fún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí jù: ewé tó bá já, kí n má gbá a.

Èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n dá igi rẹ̀ padà. Nílé wa, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn ò tíì gbá àgbàlá, ẹnì kan yóò jẹgba. A máa ń gbá a títí ilẹ̀ yóò fi yọ ìlà ìgbálẹ̀ wínníwínní, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè mọ ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Koríko lẹ́yìn ilé, ìtìjú ni. Ó túmọ̀ sí pé onílé ń ṣàìsàn, tàbí ó ya ọ̀lẹ. Ọdún kan gbáko ni mo fi bá ọwọ́ ara mi jà. Mo máa ń dìde lọ́jọ́ Sátidé, n ó mú ìgbálẹ̀, n ó dé ẹnu ọ̀nà, n ó tún padà.

Àmọ́ wọ́n wá. Ẹyẹ kan tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn ló kọ́kọ́ dé, ó ń yí ewé gbígbẹ padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Ọ̀pọ̀lọ́ kan gba abẹ́ koríko. Lọ́dún kejì, nínú òtútù, ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ mi bà sórí òdòdó etí erin. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin mi fi sáré jáde láti ibi tó ti ń kàwé, ó rò pé olè ni. Ó wo ẹyẹ, ó wò mí. "Mummy, it's just a bird." Mo ní kó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, àlejò ń jẹun.

Ó tó kí n sọ̀rọ̀ Màmá wàyí. Màmá kọ́ ni ìyá tó bí mi. Nígbà tí mo dé ìlú yìí pẹ̀lú àpò kan àti ọmọ ọdún méjì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní Joubert Park, wọ́n sì fi aṣọ ìkélé pín in sí méjì fún èmi àti ọmọ mi. Oṣù méje la lò níbẹ̀. Àwọn ló kọ́ mi níbi tí a ti ń wọ táksì, ibi tí a ti ń rí ẹ̀wà tó jọ tilé, àti bí a ti ń há báàgì mọ́ abíyá ní Park Station. Nísinsìnyí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn sì ni ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ní ìjọ wa. N kò ní ẹbí kankan ní Johannesburg. Màmá ni ẹbí tí mo ní. Bí mo bá pàdánù wọn, kò sí ẹni tí yóò pè mí láàárọ̀ láti béèrè bóyá mo jí.

Gbogbo ìgbà tí Màmá bá wá sílé mi, wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọn yóò fi ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. "Ọmọ mi, ṣé wọn ò ta àdá ní Mayfair ni?" Tàbí, "Bí ejò bá jáde níbí, pásítọ̀ la máa pè ni àbí ọlọ́pàá?" Èmi náà yóò rẹ́rìn-ín, n ó kúnlẹ̀, n ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mo máa ro ó." N kò ní in lọ́kàn láti ro ó rárá. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ìyá tó lé ní àádọ́rin ọdún lójú, kí n ní ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ ni mò ń tọ́jú ìdọ̀tí dè? Bí a ti tọ́ mi ni pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í ní rárá. O óò ní "Ẹ ṣé, Mà," o óò sì máa bá tìrẹ lọ. Ọdún méjì ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kẹta, nígbà tí òtútù ń parí lọ, dókítà ní òkúta wà nínú àpò òróòro mi, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò nílé ìwòsàn. Màmá ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ìrọ̀rí mi, wọ́n gbàdúrà tí obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi ń ṣe àmín ní èdè Súlú. Ọjọ́ kẹfà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, tó bọ́ sí Sátidé, n kò rí wọn. Mo ní ó ti rẹ̀ wọ́n.

Kò rẹ̀ wọ́n. Ọmọ mi ló ṣí géètì fún mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Mummy, close your eyes." Mo dijú, ó fà mí lọ́wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Nígbà tí mo lajú, Màmá àti obìnrin mẹ́fà láti ìjọ wà níbẹ̀, wọ́n so gèlè mọ́rí bí ẹni tó ń lọ oko, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. "Surprise!" ni wọ́n kígbe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yìnkùlé mi mọ́ foo. Wọ́n ti ro koríko pupa mọ́lẹ̀ dé ìdí. Ewé ọdún mẹ́ta ti wọ inú àpò dúdú, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Olódòdó ọsàn ti di kùkùté. Wọ́n ti gé ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún dé ibi tí ọwọ́ àti àdá ga mọ, ìyókù wà lókè bí àgboòrùn. Etí erin nìkan ni wọ́n dá sí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí oògùn. Wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀ náà, ìlà ìgbálẹ̀ wà lórí rẹ̀ wínníwínní, wọ́n sì gbé ìkòkò róòsì oníke kan sí àárín.

Màmá nawọ́ sí i. "Ọmọ mi, ohun tó ti ń wù ẹ́ láti ṣe láti ọdún méjì tí agbára rẹ ò ká, Ọlọ́run ti bá ẹ ṣe é."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kúnlẹ̀. Egbò iṣẹ́ abẹ ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí egbò lẹ́nu mi. Mo ní, "Ta ló rán yín níṣẹ́?"

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti rí létí àgbà. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Màmá ò tilẹ̀ bínú. Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tí kò dá mi mọ̀.

"Ìwọ ni," ni wọ́n wí.

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ náà ni. Ìgbà gbogbo lo máa ń sọ fún mi pé o máa ro ó."

Wọ́n tú gèlè, wọ́n gbọn eruku kúrò lára ìró wọn, wọ́n mú báàgì. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn sì rọra bá mi ti géètì. Ọmọ mi ní, "They came at six, Mummy. Grandma did that corner on her knees." Ó wọlé. Mo bá iyán nínú abọ́ onídèérí lórí tábìlì, ó ṣì gbóná. Mo jẹ ẹ́, mo ń sunkún, mo sì tún ń bínú, nítorí pé bí a bá ń sunkún a máa ń ríran, mo sì ń rí ilẹ̀ òfìfo yẹn láti ojú fèrèsé.

Màmá ò gbé fóònù mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn yóò mi orí sí mi, wọn yóò kọjá. Mo ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo bá lọ sí Joubert Park. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé. Ẹ jókòó. Ẹ mu omi." Màmá, tó máa ń pè mí ní yẹ̀yẹ́ ọmọ, wá ń sọ̀rọ̀ sí mi bí ẹni ń bá ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Mà." Wọ́n ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́." Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n dárí jì wá báyẹn. Mo mu omi náà tán, mo lọ sílé.

Ní oṣù Kẹwàá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Mo gba Soweto lọ láti lọ ra koríko mìíràn, mo sì ro gbogbo ẹjọ́ Màmá fún ọkùnrin onígi. Mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "Eish, Mama! Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti gbin koríko yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gé e?" Mo ní n kò fọwọ́ kàn án rí. Ó di orí mú. Ó ní koríko náà ní kí wọ́n máa gé òun. Nínú pápá, iná ló ń gé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbòǹgbò á sì dúró de òjò. Ó ní òun tilẹ̀ fi òdòdó mìíràn sínú àwọn agolo yẹn fún mi, koríko ló bò ó mọ́lẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún àti ewé ló dùn ún. Ìyẹn yóò pẹ́ kó tó bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ní ti koríko, kí n bá òun kí ìyá yẹn kú iṣẹ́. Kò ta nǹkan kan fún mi. Ó ní kí n lọ sílé lọ wò ó.

Òótọ́ ni. Koríko ti gbé orí tútù sókè láti ìdí kùkùté, òdòdó yẹ́lò kéékèèké tí n kò rí rí sì yọ láàárín rẹ̀, labalábá ń fò lórí wọn. Inú mi dùn, ojú sì tì mí. Gbogbo àkókò tí mo ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. N kò tíì bẹ̀bẹ̀ fún ọdún méjì tí mo fi parọ́. Màmá ò ṣe ju ohun tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ.

Mo padà sí Joubert Park. N kò jẹ́ kí wọ́n gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀, egbò ti jinná. "Mà, irọ́ ni mo pa fún yín. N kò fẹ́ ro ó rí. Bó ti rí yẹn ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo gbìn ín fún ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀rù ló bà mí láti sọ fún yín."

Màmá jókòó. "Ọdún méjì lo fi jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ bí aṣiwèrè lẹ́yìnkùlé rẹ. Mo kó àwọn ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà jáde láago márùn-ún àárọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí títí di òní." Wọ́n fọwọ́ ra orúnkún. "Ìwọ tí mo pín yàrá fún. Kí ló dé tí o ò lè sọ fún mi pé rárá?"

Mo ní mo bẹ̀rù kí inú wọn má bà jẹ́ sí mi.

"Ó wá dára báyìí?" Wọ́n nu ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí bí ọlọ́pàá. "Kí ni nǹkan mìíràn tí o ti ń ṣe 'Ẹ ṣé, Mà' sí láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n rántí pé orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Ọbẹ̀ yín, Mà. Iyọ̀ máa ń pọ̀ jù."

Ọkàn mi ní ó parí. Àfi bí Màmá ṣe bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín in títí wọ́n fi di apá àga mú. "Ọdún mẹ́rìnlá! O jẹ iyọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá! Abájọ tí òkúta fi kún inú rẹ!" Wọ́n ní kí n dìde, àwọn yóò wá lọ́jọ́ Sátidé láti wá wo ohun tí mo fi pamọ́ fún wọn.

Wọ́n wá, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Mo gbé àga fún wọn sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Lórí àwọn ẹ̀ka òkè tí àdá wọn ò tó, ẹ̀gà ti ń kọ́lé. Akọ kan so rọ̀ lódìkejì, ó ń hun koríko, ó ń pariwo bí ẹ̀gà ti máa ń ṣe níbi gbogbo láyé. Abo rẹ̀ dé, ó wọ ilé náà, ó jáde, ó fa koríko kan yọ, ó fò lọ. Akọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé náà palẹ̀.

"Kí ló ṣe é?" ni Màmá béèrè.

"Kò fẹ́ ẹ, Mà. Ó ní kó lọ tún un kọ́."

Màmá na ìka sí mi. "O rí ìyẹn? Kò ní 'Ẹ ṣé, Mà.'" Wọ́n tún wo koríko, wọ́n wo ewé tuntun tó ti ń bọ́ sílẹ̀, wọ́n fa ètè. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Ó ṣì rí jákujàku lójú mi. Ṣé kí n kàn bá ẹ gbá apá ibí yẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, ó dúró díẹ̀. "Rárá, Mà," ni mo wí.

Wọ́n mi orí. Wọ́n ṣí abọ́, wọ́n bu ọbẹ̀ sórí iyán mi, wọ́n sì ń wò mí bí mo ti ń gé òkèlè. Mo tọ́ ọ wò. Mo ní, "Iyọ̀ ṣì pọ̀, Mà."

"Mo gbọ́," ni Màmá wí. "Máa jẹ ẹ́ lọ."